Awò Mẹ́fà àti Ojú Òsì Kan

Esther Adéọ̀ṣun kì í ṣe olè. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí àwọn tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí máa ń yára pè é lóhun tí kò jẹ́. Kò mú nǹkan ẹnikẹ́ni, kò sì ta ayédèrú ọjà fún ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó ṣe kò ju pé ó pa ẹnu mọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu tí a pa mọ́ náà máa ń ṣe èèyàn léṣe, ọdún mẹ́ta gbáko ló sì gba Esther kó tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìkìrun ni wọ́n ti bí i, Ìlọrin ló ti ń ṣòwò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Post Office, òdìkejì báńkì kan tó ga, tí àwọn ẹyẹlé ti sọ òrùlé rẹ̀ di tiwọn. Aago ògiri, kámẹ́rà àlòkù àti awò ojú ló ń tà. Kì í sì í ṣe pé ó kàn ń tà wọ́n bí ẹni ń ta iyọ̀. Kó tó lọ́kọ, ọdún mẹ́fà ló fi bá dókítà ojú kan ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Òun ló ń to àwọn aláìsàn jókòó, òun ló ń ní kí wọ́n fi ọwọ́ bo ojú kan, kí wọ́n fi èkejì ka lẹ́tà ara ògiri. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ká ní ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni, n kò ní máa yọ ara mi lẹ́nu.

Ní ìparí ọdún 1989, Isaiah ọkọ rẹ̀ lọ sí Kútọnu, ó sì kó awò ọdẹ méje, èyí tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, bọ̀. Mẹ́fà jẹ́ olójú méjì, irú èyí tí sójà máa ń gbé kọ́rùn. Ẹyọ kan tó kù jẹ́ olójú kan, ó gùn bí ọwọ́ láti ìgúnpá dé ìka, orí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta ló sì ń dúró. Esther kò fẹ́ràn olójú kan yìí rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kọ́ oníbàárà lẹ́sẹ̀, ó ti gbé Tìmílẹ́hìn ọmọ rẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. "Isaiah," ni yóò máa wí, "ta ni yóò ra ojú kan nígbà tó lè ra méjì?" Isaiah á rẹ́rìn-ín, á ní olówó rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tí ọyẹ́ ń bó èèyàn létè, ọdẹ mẹ́rin wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá Àlàbí ló ṣíwájú, olórí ọdẹ ní Budó Àpáta, abúlé àwọn àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú. Kàbírù, àkọ́bí rẹ̀ tó ti níyàwó méjì, ló tẹ̀ lé e, àwọn ọdẹ méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Bí Bàbá ṣe ń wọlé, èjìká rẹ̀ òsì gbá férémù ilẹ̀kùn, gbì!

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ni Esther wí. "Ilẹ̀kùn wa ló fún."

Ilẹ̀kùn yẹn kò fún. Ọmọláńkẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé.

"Salaamu aleekun, ọmọ mi," ni Bàbá wí, ó jókòó. "Wọ́n ní o ní awò. Ẹran ìsinsìnyí ti gbọ́n ju ọdẹ lọ. Kí n tó sún mọ́ wọn, wọ́n ti gbọ́ òórùn mi. Orí àpáta ni mo fẹ́ máa jókòó sí láàárọ̀, kí n ti ibẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ̀ kí n tó gbé ẹsẹ̀."

Esther to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kalẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ ò bá wà níbẹ̀ kí ẹ wo bí ọdẹ ṣe ń yan awò. Bàbá kò tilẹ̀ kọ́kọ́ gbé e sójú. Ó gbé àkọ́kọ́ sétí, ó mì í, ó ń gbọ́ bóyá nǹkan ń mì nínú rẹ̀. Ó fa okùn ọrùn rẹ̀, awọ okùn náà dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó mi orí. "Ẹran á gbọ́ ọ." Ó gbé èyí tí wọ́n fi irin funfun yí létí, ó yí i sí oòrùn. "Èyí ń kọ mànà. Tí oòrùn bá bà á, àgbọ̀nrín á ti dé Ṣàkì kí n tó mú ìbọn." Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín. Esther náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń ṣàlàyé tirẹ̀: pé èyí tó ń fa nǹkan sún mọ́ni jù lọ ló ń gbọ̀n jù lọ́wọ́, ibi kékeré ló sì ń fi hàn, pé èyí tí ojú iwájú rẹ̀ fẹ̀ ló ń ríran jù nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Bàbá ń gbọ́, ó ń kọ orí rẹ̀ sósì láti wò ó bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí i. "Ọmọ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀," ló sọ fún Kàbírù.

Nígbà náà ló tó gbé ọ̀kan sójú, ó dojú kọ òrùlé báńkì. "Ẹyẹlé kan gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Àwọn òyìnbó yìí gbìyànjú o. Ṣùgbọ́n apá òsì awò yìí ṣókùnkùn."

Esther fún un ní èkejì. Òsì ṣókùnkùn. Ó fún un ní ẹ̀kẹta. Òsì ṣókùnkùn. Ó gba ẹ̀kẹta padà, ó wò ó fúnra rẹ̀, ó sì rí èékánná ẹyẹlé kedere ní tòsì tọ̀tún. Ó gbé ẹ̀kẹrin lé Bàbá lọ́wọ́, nígbà tí Bàbá tún ní òsì ṣókùnkùn, ó yí awò náà dojú dé, tí èyí tó wà lápá òsì tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sí ọ̀tún.

"Báyìí ńkọ́, Bàbá?"

"Òsì náà ni."

Nígbà tí Bàbá wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, ó bú sẹ́rìn-ín. "Wàláì, àbí ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ṣe gbogbo apá òsì ni?" Kàbírù àti àwọn méjèèjì fi ẹ̀rín gbè é.

Esther mọ̀. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i: ó mọ̀. Awò mẹ́fà kò lè ṣókùnkùn lápá kan náà, kí wọ́n sì tún máa ṣókùnkùn níbẹ̀ nígbà tí a bá dojú wọn dé. Ojú òsì Bàbá Àlàbí ló ń kú lọ. Kò sì jẹ́ kàyéfì pé Bàbá kò mọ̀, nítorí ogójì ọdún ló ti ń di ojú òsì tó bá fẹ́ yìnbọn. Ojú tí a ń dì lójoojúmọ́, ta ni yóò mọ̀ tó bá gbàgbé láti là? Esther rántí ohun tí dókítà Ìbàdàn máa ń wí fún irú wọn pé: "Èyí tó lọ ti lọ. Ẹ jẹ́ ká sáré mú èyí tó kù."

Ó la ẹnu. Ó wo Bàbá, ó wo àwọn ọdẹ mẹ́ta tó dúró tì í. Báwo ni yóò ṣe wí fún olórí ọdẹ, níwájú ọmọ rẹ̀ àtàwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, pé ojú rẹ̀ kò dá? Òun obìnrin, òun onígbàgbọ́ láti Ìkìrun, tí kò tíì tó ẹni ogójì ọdún? Ìdí kan nìyẹn, kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà. Bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, ojú rẹ̀ bọ́ sára olójú kan tó dúró sí kọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ sì sáré ju ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lọ.

"Bàbá," ló wí, "tó bá rí bẹ́ẹ̀, olójú kan ni yóò bá yín mu."

Bàbá gbé e sójú ọ̀tún. Ó rí ẹyẹlé, ó rí ìyẹ́ ọrùn ẹyẹlé, ó rí eèrà tó ń rìn létí páànù. Ó pariwo, "Alihamudulilai! Ọmọ mi, àlùbáríkà á wà nínú ọjà ẹ. O ò jẹ́ kí n ra ọjà tó bàjẹ́!" Ọ̀rọ̀ yẹn ni Esther gbé sùn lọ́jọ́ náà, tó sì gbé jí.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, bóyá ì bá gbàgbé. Èèyàn lágbára láti gbàgbé ohun tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Kàbírù gbé itan àgbọ̀nrín yíyan wá, wọ́n fi ewé gẹdú dì í dáadáa.

"Bàbá ní kí n gbé e wá," ni Kàbírù wí. "Nílé tiwa, ẹran àkọ́kọ́ tí ìbọn tuntun bá pa, itan rẹ̀ ti alágbẹ̀dẹ ni. Bàbá ní ẹ̀yin ni alágbẹ̀dẹ awò. Bísímílà la fi pa á, a sì dúńbú rẹ̀ kó tó kú. Lọ́dọọdún ni yóò máa wá."

Esther gbà á, ó dúpẹ́. Nígbà tó dé ilé, ó gé díẹ̀ sọ́bẹ̀. Òkèlè àkọ́kọ́ dúró sí i lọ́fun, kò lọ, kò bọ̀. Isaiah bi í pé ṣé eegun ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé itan náà fún Naimat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta fúláàsì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, Naimat sì fi ọjọ́ mẹ́rin ṣàdúrà fún àwọn ọdẹ Budó.

Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ara rẹ̀ pé tí Kàbírù bá tún wá, òun yóò sọ. Lọ́dún 1991, Kàbírù gbé itan kejì dé. Esther gbé àga fún un, ó fún un lómi, ó rọra bèèrè pé, "Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ń ríran dáadáa?"

"Ojú Bàbá?" Kàbírù rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀fúùfù nìkan ni wọn ò rí!"

Esther fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú. Ó ní bóyá òun ló ṣìnà, bóyá àwọn awò yẹn ní àbùkù lóòótọ́. Ẹ wò ó, obìnrin tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ ojú wíwò! Nígbà tí Kàbírù lọ, ó gbé awò kan, ó wo òrùlé báńkì, ó wò ó títí ojú fi ń pọ́n ọn. Òsì mọ́ gaara. Naimat ló jẹ itan náà. Lọ́dún 1992, Naimat ló tún jẹ ẹ̀kẹta. Esther ti dẹ́kun jíjẹ́jẹ̀ẹ́ nígbà yẹn, nítorí ẹ̀jẹ́ tí a kò san máa ń wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993, kò sí itan. Bàbá Àlàbí fúnra rẹ̀ ló dé. Èjìká òsì rẹ̀ tún gbá ilẹ̀kùn, bó sì ṣe yà, èjìká ọ̀tún náà ha á. Kàbírù dúró lóde, olójú kan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wo ojú bàbá rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "àrùn tó mú àwọn olójú méjì ọjọ́sí ti ran olójú kan yìí. Ó ti ṣókùnkùn létí yíká, bí ẹni ń yọjú wo ìta látinú ihò igi. Mo ti yìnbọn tasé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọkùnrin yìí ló gbé e ṣubú, ó sì ń purọ́ fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí mi ò bá a sọ̀rọ̀."

"Mi ò gbé e ṣubú, Bàbá," ni Kàbírù wí láti ìta. Ohùn rẹ̀ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Esther gba awò náà. Ó fi aṣọ nu dígí rẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ òrùlé báńkì. Ẹyẹlé kan ń tọ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ó rí ojú ẹyẹlé náà, pupa, roboto, láìsí ìdọ̀tí kan. Kò sí ibi tí yóò tún sá gbà. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú àgbàlagbà náà.

"Bàbá, Kàbírù kò gbé nǹkan kan ṣubú. Awò yìí dára. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ọjọ́sí náà dára. Ojú yín ni. Ojú òsì yín ló ti kú, ọ̀tún ló ń tẹ̀ lé e yìí."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó fi bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú òsì tó là sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tó di ọ̀tún. Nígbà tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Esther lè purọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, irọ́ náà dé ètè rẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹ wá yan awò," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà náà tan iná sójú Bàbá, ó wọn bí ojú ṣe le tó, ó sì ṣàlàyé pé omi inú ojú ló le jù, tó ń tẹ iṣan ìríran pa díẹ̀díẹ̀, tí kì í sì í dun èèyàn. Òsì ti lọ pátápátá. Ọ̀tún kù bí ihò abẹ́rẹ́. Òògùn kíkán sójú lè dá a dúró síbẹ̀, kò lè dá èyí tó ti lọ padà. "Ká ní ẹ tètè wá," ni dókítà wí, ó ń kọ̀wé lọ, "ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, púpọ̀ nínú ojú ọ̀tún yìí ì bá wà níbẹ̀." Kò mọ nǹkan kan, ó kàn ń sọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó wo Esther. Ká ní wọ́n wò ó, bóyá ì bá sàn.

Nígbà tí wọ́n jáde, Bàbá ní kí wọ́n mú òun padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí àga tó jókòó sí lọ́jọ́sí. Ó ní kí Kàbírù dúró síbi tó dúró sí lọ́jọ́sí.

"Ìyá oníṣọ́ọ̀bù," ló wí. Kò pè é lọ́mọ mọ́. "Ẹ to àwọn awò yẹn kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un yàn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ tò ó kalẹ̀."

Esther tò ó. Bàbá gbé àkọ́kọ́ sójú, ó kọjú sí òrùlé tí kò lè rí dáadáa mọ́. "Òsì ṣókùnkùn," ló wí, ó sì dúró. Ó pẹ́ kí Esther tó mọ ohun tó ń dúró dè.

"Awò náà dára, Bàbá. Ojú yín ni."

Ó gbé èkejì. "Òsì ṣókùnkùn."

"Awò náà dára, Bàbá. Ojú yín ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é dé ìkarùn-ún. Omijé ń bọ́ lójú Esther, ó ń bọ́ sórí tábìlì, Bàbá kò sì rí i. Naimat yọjú láti ẹ̀gbẹ́, ó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó padà lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, Bàbá yí sí ibi tí Kàbírù wà.

"Kàbírù, mo ṣẹ̀ ọ́. Fi jì mí. Mú olójú kan yẹn, tìẹ ni láti òní lọ."

Kàbírù dọ̀bálẹ̀. Bàbá tún kọjú sí Esther.

"Àwọn itan tí mo fi ránṣẹ́, ẹ jẹ wọ́n?"

"Rárá, Bàbá. Wọn ò lọ lọ́fun mi."

Bàbá mi orí. "Ọ̀fun yín ti sọ fún yín. Ẹnu yín ni kò sọ fún mi." Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó ń fọwọ́ kà á. "Márùn-ún nìyí. Ìkẹfà dà?"

"Mo ti tà á, Bàbá. Ọdẹ kan láti ọ̀nà Jẹ́bà ló rà á, nígbà ọyẹ́ tó kọjá."

"Nígbà tó gbé e sójú, ojú méjèèjì ló ríran?"

Esther ronú. Ó rántí pé oníbàárà pọ̀ lọ́jọ́ náà, pé ọkùnrin náà wò ó fìrí, ó ní ó dára, ó sanwó, ó sì lọ. "N kò bi í," ló wí.

"Ẹ lọ bi í."

Bàbá dìde, ó di èjìká Kàbírù mú, wọ́n kọrí sí ilẹ̀kùn. Esther rí i pé Kàbírù ń wo awò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wo ọ̀nà, férémù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbàlagbà náà.

"Bàbá!" ló ké. "Ẹ yà sọ́tùn-ún. Férémù wà lápá òsì yín, ẹ ò rí i."

Bàbá dúró. Ó na ọwọ́ òsì, ó fọwọ́ kan igi férémù náà, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yà sọ́tùn-ún, ó jáde, kò sì bojú wẹ̀yìn. Esther nu ojú rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án gangan, ó bi Naimat ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Jẹ́bà.